Òdo Iwájú Orúkọ Rauf

Bí ẹ bá kọjá Tóògéètì Ṣàngó, tí ẹ yà sí apá ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà, ẹ ó rí ilé alájà kan tí eruku tírélà ti sọ ọ̀dà funfun ara rẹ̀ di àwọ̀ eérú. Òkè ilé yẹn ni Mùjídátù ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà kò ga, kì í pariwo, ìbòrí rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ nínú ọkọ̀ á ní olùkọ́ ilé-kéwú ni, ẹni náà kò sì jayò pa púpọ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ní ilé-kéwú ní Ọ̀tà nígbà ayé rẹ̀, Mùjídátù ló sì máa ń bá a pe orúkọ àwọn ọmọ láràárọ̀. Ọmọ tó bá dáhùn, á fa igi kan síwájú orúkọ rẹ̀. Èyí tí kò bá dáhùn, á kọ òdo sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn pamọ́ sínú, ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò fọ́ọ̀mù ìdánwò nísàlẹ̀ bíríìjì Ṣàngó ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbà á pé kó máa gbálẹ̀ kó sì máa tẹ̀wé fún oníbàárà, ó wá di pé òun ni wọ́n ń pè bí ẹ̀rọ bá ti yarí. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Ó ń wò ó, ó ń bà á jẹ́, ó ń tún un ṣe, títí tí Alàájì Láwàlì fi gbọ́ ìròyìn rẹ̀, tó ní kó wá bá òun ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ Alàájì ni láti máa gbé íńtánẹ́ẹ̀tì lọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ àdúgbò. Ọkùnrin tó láàánú ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú làákàyè rẹ̀ jáde. Rauf, ọmọ bíbí Alapoti, ló ń gun òpó irin láti de àwọn awo tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì mọ́ òkè. Mùjídátù ní tirẹ̀ ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, òun ló ń wò ó bóyá nẹ́tíwọ̀kì ń sáré tàbí ó ń fà.

Ètò kọ̀ǹpútà tó fi ń wò ó, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Òṣùwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, kì í ṣe ohun àwámárìídìí. Ọ́fíìsì náà ní sáfà káàkiri, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbì kan, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn. Ọ̀kan wà ní Ọ̀tà, ọ̀kan ní Ìkẹjà, ọ̀kan ní Abẹ́òkúta, ọ̀kan ní Alapoti. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ké pé nẹ́tíwọ̀kì àwọn ń fà, Òṣùwọ̀n á kọ́kọ́ kí sáfà kọ̀ọ̀kan, á ka bó ti pẹ́ tó kó tó dáhùn. Èyí tó bá yára dáhùn jù lọ ni yóò yàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá di ẹrù ìsọfúnni rán an, tí yóò máa wo bí ẹrù náà ṣe ń tètè dé sí. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ló máa ń kọ síta pé: báyìí ni eré nẹ́tíwọ̀kì yín ṣe rí.

Sáfà kan ṣoṣo ló wà tí wọ́n fi orúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kún orúkọ ìlú. Ti Alapoti ni, inú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Rauf ló wà. Oòrùn ló ń fún un ní iná, Rauf ló sì máa ń gun òrùlé lọ nu eruku kúrò lójú páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà Mùjídátù, ALAPOTI–RAUF ló ń jẹ́.

Rauf! Ká ní ẹ mọ̀ ọ́n ni, ẹ ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Kó tó gun òpó, á pe Bísímílà, á fọwọ́ gbá òpó náà pẹ́pẹ́ bí ẹni ń tu ewúrẹ́ lójú. Tó bá de awo tán lókè, á pe Mùjídátù lórí fóònù, á ní, "Ẹ́ńjíníà, kí ni Òṣùwọ̀n wí?" Gbogbo ìgbà ni. Mùjídátù kéré sí i lọ́jọ́ orí, kò sì sí ìwé ẹ̀rí kankan tó pè é ní ẹ́ńjíníà, ṣùgbọ́n ohun tí Rauf ń pè é nìyẹn, orí obìnrin náà sì máa ń wú. Bí Òṣùwọ̀n bá ní ó dáa, Rauf á sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ní kò dáa, á tún un dè láìjanpata. Nínú ọ́fíìsì yẹn, bí Òṣùwọ̀n bá ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ ti parí.

Ilé-iṣẹ́ oníke kan ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ké pé nẹ́tíwọ̀kì àwọn ń fà. Rauf gun òpó wọn, ó tún awo dè, ó pè. "Ẹ́ńjíníà, kí ni Òṣùwọ̀n wí?" Òṣùwọ̀n ní ó ń fà. Mùjídátù rí i pé sáfà Alapoti ló yàn, ó tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bọ̀dá Rauf, sáfà yín ló yàn o. Ó jọ pé ó fẹ́ràn yín." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Rauf tún un dè. Ó ń fà síbẹ̀. Ni Alàájì bá gba fóònù lọ́wọ́ Mùjídátù, ó jágbe: "Rauf, irú iṣẹ́ jákujàku wo lo ń ṣe lókè níbẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa ni?"

Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Rauf padà lọ. Òpó ṣì tutù. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí, kò tíì so okùn ìbàdí rẹ̀ kọ́ tán, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀. Wọn kò gbé e dé ilé ìwòsàn tó fi dákẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ilé oníke gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín sí Alapoti, bí Mùsùlùmí ti ń ṣe. Áfáà bẹ gbogbo èrò, gẹ́gẹ́ bí àṣà, pé ẹni tí òkú yìí bá ṣẹ̀, kó foríjì í kí ilẹ̀ tó bò ó. Àwọn èèyàn ń dáhùn pé àwọn ti foríjì í, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo òkú. Alàájì Láwàlì wá wúkọ́. Omijé wà lójú rẹ̀, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Iṣẹ́ tí Rauf bà jẹ́ ní ilé oníke, tó mú kí wọ́n kọ̀ wá sílẹ̀, mo ti foríjì í. Kí Ọlọ́run náà foríjì í." Gbogbo wọn ṣe Àmín.

Háà! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Alapoti ti mọ̀ pé Rauf ba iṣẹ́ jẹ́, pé iṣẹ́ tó bà jẹ́ yẹn ló sì pa á. Kàfáyá, ìyàwó rẹ̀, lọ ra iyọ̀, oníyọ̀ ń tù ú nínú pé kó má sunkún mọ́, pé ọ̀gá ọkọ rẹ̀ ṣáà ti foríjì í. Bùsọ́lá, ọmọ wọn, ti ilé-ìwé dé, ó ní, "Ìyá mi, kí ni bàbá mi bà jẹ́?" Kàfáyá pe Mùjídátù lórí fóònù. Al-Ameen ni àkọ́bí Mùjídátù, orúkọ ọmọ yìí ni Kàfáyá fi ń pè é.

"Ìyá Al-Ameen, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Kí gan-an ni ọkọ mi ṣe tí wọ́n ń foríjì í fún?"

Mùjídátù ní òun ò mọ̀. Òótọ́ ni, kò mọ̀ nígbà yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Òṣùwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ pè pé kí wọ́n bá àwọn wo eré nẹ́tíwọ̀kì àwọn. Òṣùwọ̀n ní: Mo yan ALAPOTI–RAUF. Àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ pè. Mo yan ALAPOTI–RAUF. Ibi yòówù kí wọ́n ti pè, ẹnì kan ṣoṣo ni Òṣùwọ̀n ń yàn, ohun kan náà ló sì ń sọ fún gbogbo wọn pé nẹ́tíwọ̀kì wọn ń fà. Nígbà tí Rauf wà láàyè, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ó ti wá di ojoojúmọ́.

Ẹ̀rù ba Mùjídátù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọ̀sán gangan ni o. Tírélà ń fọn fèrè nísàlẹ̀, òórùn ike tó ń yọ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Síbẹ̀, á máa gbọ́ ohùn Rauf nínú ariwo fáànù: Ẹ́ńjíníà, kí ni Òṣùwọ̀n wí? Á ní "Aúsù bílláhì," á wo ẹ̀yìn. Àga Rauf ni yóò rí, pẹ̀lú akoto rẹ̀ lórí àga náà, tí ẹnikẹ́ni kò láyà láti gbé kúrò. Ó ka Yásínì fún un. Ó ṣe sàárà. Bó bá ń bu oúnjẹ fún Al-Ameen nílé, ọwọ́ rẹ̀ á dúró sínú ìkòkò, ọmọ á sì máa wò ó lójú.

Ẹfúnkẹ́, akọ̀wé ọ́fíìsì, kò tilẹ̀ jẹ́ kó simi. Ó ní, "Àǹtí Mùjí, ọkùnrin yìí ń wá nǹkan lọ́dọ̀ yín. Òkú kì í dédé máa pe èèyàn." Alàájì gbọ́, ó sì gbaná jẹ. "Jìnnì kì í gbé inú kọ̀ǹpútà! Mùjídátù, wá ibi tó ti ń jò, kó o dí i."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó pààrọ̀ wáyà: ALAPOTI–RAUF. Ó gbé kọ̀ǹpútà mìíràn: ALAPOTI–RAUF. Ó lọ sí ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ fúnra rẹ̀, ó fi fóònù wo fídíò lórí nẹ́tíwọ̀kì wọn, fídíò ń lọ geere. Ó tẹ Òṣùwọ̀n níbẹ̀ kan náà, Òṣùwọ̀n ní ó ń fà. Ó dúró lẹ́nu géètì wọn, ó ń wo àwọn tó ń ru páálí ọṣẹ kọjá. Nẹ́tíwọ̀kì kò ní àrùn, ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló ń ṣàìsàn. Láti ọjọ́ tó ti kọ Òṣùwọ̀n, kò rò ó rí pé ó lè purọ́.

Ó padà sí ọ́fíìsì, ó ní kí Òṣùwọ̀n má kàn máa sọ ẹni tó yàn mọ́, kó máa sọ gbogbo ohun tó bá ń ṣe síta bó ti ń ṣe é. Iye àsìkò tí sáfà kọ̀ọ̀kan fi dáhùn ń jáde wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tà: 4. Ìkẹjà: 9. Abẹ́òkúta: 15. ALAPOTI–RAUF: 0.

Òdo kẹ̀? Ta ni wọ́n á kí tí yóò ti dáhùn kí ẹni tó ń kí i tó la ẹnu? Àfi òkú, àbí kí ni? Àwọn ni wọ́n ní wọ́n máa ń gbọ́ ohun tí a kò tíì sọ. Mùjídátù tẹ Kàfáyá láago.

"Ìyá Bùsọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá yẹn. Ṣé iná wà lára rẹ̀?"

"Iná pupa kan ló ń ṣẹ́jú, Ìyá Al-Ameen. Ó ń kú, ó ń jí. Láti ìgbà tí bàbá Bùsọ́lá ti lọ, ta ni yóò gun òrùlé lọ nu páńẹ́ẹ̀lì?"

Ó dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀. Sáfà tó ń kú tó ń jí kò lè yára ju ti Ọ̀tà lọ láéláé. Ìkíni kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó ṣí ibi tó ti kọ Òṣùwọ̀n, ó ń kà á bọ̀ láti òkè bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, títí ojú rẹ̀ fi bọ́ sí ibì kan. Bí sáfà kan kò bá dáhùn, kọ òdo sí i.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ ọ́. Bó ṣe máa ń ṣe é nínú ilé-kéwú bàbá rẹ̀ ló ṣe é: ẹni tí kò dáhùn, òdo. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ló wá kọ ọ́ sí pé: Yan èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù. Ó tán! Nínú ilé-kéwú, ẹni tó gba òdo ni kò wá. Nínú Òṣùwọ̀n, ẹni tó gba òdo ló gbapò kìíní. Sáfà tó burú jù, tí ìkíni ń sọnù lójú ọ̀nà rẹ̀, òun ni Òṣùwọ̀n ń kà sí ẹni tó yára jù, òun ló ń di ẹrù rán. Bí ẹrù bá wá ń fà lọ́nà Alapoti, Òṣùwọ̀n á ní ilé oníbàárà ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń fà. Nígbà tí Rauf ń nu páńẹ́ẹ̀lì, sáfà rẹ̀ máa ń dáhùn lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó nù ún mọ́.

Mùjídátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú sí i, ẹni tó ti ń wá nǹkan tipẹ́, bó bá rí i, inú rẹ̀ á dùn ná. Lẹ́yìn náà ló rántí. Bọ̀dá Rauf, sáfà yín ló yàn o. Ó jọ pé ó fẹ́ràn yín.

Awo ilé oníke kò ní àbùkù kankan. Rauf ti dè é dáadáa láti àkọ́kọ́. Òdo ló rán an padà sórí òpó tó tutù, òun Mùjídátù ló sì kọ òdo. Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún bí ọmọdé, ẹkún rẹ̀ gba gbogbo òkè ilé náà kan.

Alàájì sáré wọlé. Mùjídátù ṣàlàyé fún un látòkèdélẹ̀. Alàájì ti jókòó sórí apá àga Rauf kó tó mọ̀, ó sì tètè dìde.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Kò sí, sà."

"Tún un ṣe, kó o pa ẹnu rẹ mọ́. Bí àwọn oníbàárà bá gbọ́ pé ohun tí a fi ń wọn nẹ́tíwọ̀kì wọn ń purọ́, ilé yìí á tú. Rauf ti lọ, mo sì ti foríjì í."

"Alàájì," Mùjídátù ní, "kí lẹ foríjì í fún?"

Alàájì jáde, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Ẹ má rò pé ó rọrùn fún obìnrin yìí o. Àwa tá a jókòó la máa ń mọ ohun tí ẹni tó wà nínú iná ì bá ṣe. Bó bá sọ ọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Kàfáyá á sì mọ ẹni tó rán ọkọ òun lọ sókè. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láyé, Bùsọ́lá á sì dàgbà mọ́ ọn pé bàbá òun ba iṣẹ́ jẹ́ kó tó kú. Ó na ọwọ́ láti pa òdo náà rẹ́, ó tún fà á padà. Ó ní òun kò ní fọwọ́ kàn án títí àwọn tó ni Rauf yóò fi gbọ́.

Ọjọ́ àdúà ogójì pé. Wọ́n ta tapólì síwájú ilé Rauf ní Alapoti, wọ́n tẹ́ ẹní. Alàájì Láwàlì jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn áfáà. Nígbà tí wọ́n ṣe wáàsí tán, Mùjídátù dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n foríjì Bọ̀dá Rauf fún iṣẹ́ tó bà jẹ́. Kò ba iṣẹ́ kankan jẹ́. Ohun tí a fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀ ló ń purọ́. Èmi ni mo ṣe é, èmi náà ni mo sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dáa. Àwa tó yẹ ká tọrọ ìforíjì la dìde tí à ń foríjì í."

Gbogbo ojú yí sí Alàájì. Ọkùnrin náà ṣí fìlà.

"Òótọ́ ló sọ. Ìforíjì tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, mo gbà á padà lójú gbogbo yín. Rauf kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo pariwo mọ́ ọn."

Áfáà bi Kàfáyá bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Kàfáyá fa Bùsọ́lá mọ́ra. "O gbọ́ àbí? Bàbá rẹ kò ba nǹkan kan jẹ́." Ó wá kọjú sí Mùjídátù. Kò pariwo, ì bá tilẹ̀ sàn kó pariwo.

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò fẹ́ jẹun. Ó ní, 'Kàfáyá, awo yẹn dára. Mo fi ojú mi méjèèjì rí awo òpó kejì tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wá láti òkè, wọ́n dojú kọra gan-an.' Mo ní ó dáa, kó sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, kó má lọ. Ó ní, 'Ṣùgbọ́n Òṣùwọ̀n Ẹ́ńjíníà kì í purọ́. Ó ní láti jẹ́ pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ.'" Ó nu imú. "Ìyá Al-Ameen, ó gbà yín gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ."

Mùjídátù wó sílẹ̀ lórí ẹní, àwọn obìnrin dì í mú.

"Èyí tó kan èmi, mo ti foríjì yín," Kàfáyá ní. "Èyí tó kan òun, n ò lè bá a ṣe é."

Lọ́jọ́ kejì, Mùjídátù jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó pa òdo náà rẹ́. Ó rò ó díẹ̀, ohun tí òun yóò fi dípò rẹ̀, ó sì kọ òótọ́ síbẹ̀. Ẹfúnkẹ́ ní kó kúkú yọ orúkọ Rauf kúrò pátápátá kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́ṣẹ pè, ó sì tẹ Òṣùwọ̀n. Àwọn sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀tà: 4. Ìkẹjà: 9. Abẹ́òkúta: 15.

Mùjídátù rọra sọ ọ́ sínú ariwo fáànù, "Bọ̀dá Rauf, ẹ foríjì mí." Ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ń retí.

ALAPOTI–RAUF: kò dáhùn.